Ìgbésí Ayé Màmá Níbo-Lọmọ-Ń-Sùn, Òṣìṣẹ́ Wẹ́lífíà

Ní ọdún 1947, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ni wọ́n bí olóògbé, ìyá wa ọ̀wọ́n. Bàbá wọn ni télọ̀ ọ̀hún. Ìyá wọn ń fọṣọ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ márùn-ún làwọn òbí náà bí, Màmá sì ni ìkẹta. Bẹ́ẹ̀dì kò tó gbogbo wọn, nítorí náà abẹ́ tábìlì tí bàbá wọn fi ń gé aṣọ ni Màmá ń sùn títí wọ́n fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n máa ń sọ pé orí àgékù aṣọ àwọn olówó làwọn ti dàgbà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Màmá dáadáa mọ̀ pé abẹ́ tábìlì yẹn ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú ju orí lọ. Iwájú làwọn olùkọ́ máa ń fi wọ́n sí, kì í ṣe fún ẹ̀yẹ, bí kò ṣe kí ojú lè tó wọn. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, wọ́n kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé, nígbà tó sì di 1970, wọ́n gbà wọ́n sí ọ́fíìsì wẹ́lífíà, ibi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀ràn ọmọ tí wàhálà bá ilé rẹ̀.

Ní 1972 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, oníbúrẹ́dì. Bàbá máa ń sọ pé búrẹ́dì gbígbóná làwọn fi fa ojú Màmá mọ́ra. Màmá ní irọ́ ni, pé búrẹ́dì ọ̀hún jóná, àánú ló ṣe àwọn.

Bí Màmá ṣe ń ṣiṣẹ́ ló sọ wọ́n lórúkọ. Bí wọ́n bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, wọn kì í wo àga, wọn kì í wo ògiri. Ìbéèrè kan náà ni: “Níbo lọmọ ń sùn?” Wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ wọn lára débi pé nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, kí wọ́n tó fún ọmọge náà lómi mu, wọ́n ti béèrè ibi tí ọmọ máa sùn. Kò tíì sí ọmọ kankan o! Ìyàwó náà wà láàárín wa lónìí, ojú ṣì ń tì í.

Ẹnìkejì Màmá níbi iṣẹ́ ni ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Àǹtí Olórin. Tábìlì àwọn méjèèjì dojú kọra; bí ọ̀kan bá sín, èkejì á ti ní “pẹ̀lẹ́.” Ní 1979, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ṣàìsàn ọpọlọ, wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Kò ní ọkọ, kò ní ẹbí nítòsí. Àǹtí Olórin, tí kò rí ọmọ bí, di alágbàtọ́ ọmọ náà. Ọmọbìnrin ni. Orin ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Nígbà tó yá, ọmọ ń pè wọ́n ní Mọ́mì, wọn kò sì bá a wí.

Nígbà tó fi máa di 1982, ara ìyá ọmọ ti yá. Dókítà jẹ́rìí sí i, ó ti rí iṣẹ́, ó sì wá béèrè ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì gbé ọ̀ràn náà lé Màmá lọ́wọ́. Màmá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, pé ẹni téèyàn ń bá jẹ, tó ń bá mu, kò yẹ kéèyàn dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ rọra ṣe é o. Ọ̀kan lára wa ni alágbàtọ́ yìí. Ṣé inú yàrá kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ń gbé yẹn lọmọ yìí máa padà sí?”

Màmá lọ wo yàrá kan ṣoṣo náà. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ló wà, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n béèrè ìbéèrè wọn. Ìyá ọmọ tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, ilẹ̀ ló ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì sun orí bẹ́ẹ̀dì náà rí, síbẹ̀ aṣọ orí rẹ̀ mọ́ nigínnigín. Màmá sọ fún wa lọ́jọ́ ogbó wọn pé àwọn sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ti mọ ohun tí àwọn máa sọ, àwọn sì mọ ẹni tó máa dùn.

Òfin iṣẹ́ ní wọn kò gbọdọ̀ bá alágbàtọ́ sọ ọ́ títí di ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n máa fi parí ọ̀ràn náà. Màmá pa òfin mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó síwájú ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò àti bàtà tuntun. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n dìde, wọ́n ní kí ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá fajú ro. Màmá ní, “Wọn ò dá ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ ká lè máa gba ọmọ lọ́wọ́ tálákà fún ẹni tílé ẹ̀ tóbi, sà.” Àǹtí Olórin kò pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ: “Ti ọmọ kọ́ ló dùn mí jù. O ti mọ̀, o wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bàtà.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n yí tábìlì wọn kọjú sí ògiri.

Ó ju ọdún kan lọ tó jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ wọn ni Màmá ń wò. Bí wọ́n bá sín, kò sẹ́ni tó ń kí wọn. Ó dùn wọ́n wọra. Títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé: “Ohun tí mo sọ dáa. Bí mo ṣe dákẹ́ ni kò dáa. Ká ní mo tiẹ̀ sọ fún un pé mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ì bá tó.”

Ìyá ọmọ gan-an ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì, ó dúró láàárín tábìlì méjèèjì. Ó ní ọmọ kì í fẹ́ sùn láìsí orin, òun kò sì mọ orin ọ̀hún. Ó ní bí kò bá ní ni wọ́n lára, ṣé Mọ́mì Olórin lè máa bá òun mú ọmọ lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí òun bá wà níbi iṣẹ́? Láyé ìgbà náà, ọ́fíìsì kì í fẹ́ kí òbí àti alágbàtọ́ tún fojú kanra mọ́. Màmá wọlé tọ ọ̀gá lọ. A kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ohùn Màmá dé ẹnu géètì. Nígbà tí wọ́n fi máa gba àṣẹ jáde, Àǹtí Olórin ti ń ti tábìlì wọn padà sáyè rẹ̀, ọmọ ń bá wọn tì í. Màmá sín. “Pẹ̀lẹ́,” ni Àǹtí Olórin wí. Màmá ní eruku ìdí tábìlì ló fà á. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí ẹ̀.

Nínú ìjọ, Màmá kò gba oyè kankan. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn, láàárín àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń ké. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í di etí sí igbe ọmọdé. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2004, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá gba ìmọ̀ràn kò wọ́n nílé wa.

Ní 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá dágbére fáyé ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: nọ́ọ̀sì, oníbúrẹ́dì àti olùkọ́, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ti ní bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó bí i. A ka ọmọbìnrin tó bá Àǹtí Olórin ti tábìlì yẹn náà mọ́ wọn. Agbẹ̀bí ni lónìí, àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì sì wà láyé. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn, ó dé ilé wa, kò tíì jókòó tó fi béèrè: “Níbo ni Màmá máa sùn?” A mú un lọ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni, lábẹ́ igi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ó dáa. Bàbá máa ń hanrun o, kí Màmá ṣáà fara dà á.

Àǹtí Olórin bẹ̀ wá ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ni a to àga àwọn ọ̀rẹ́ sí. Wọ́n ní kí á gbé tiwọn síwájú, kí ó dojú kọ Màmá, nítorí ìgbà tí àwọn fi kẹ́yìn sí wọn láyé ti tó. Láti orí àga yẹn ni wọ́n máa ti kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á dákẹ́ kí Màmá lè gbọ́.

Màmá, a ti tẹ́ ibùsùn yín, agbẹ̀bí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sùn re o.