Atẹ́gùn tí mo fi du Bàbá Dúpẹ́

Utako, Ọjọ́ Ajé

Mo jẹ ọkọ mi ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, mo sì ti kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì kí n tó mú bírò. Láti ìgbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti ń jẹ́ kí wọ́n máa mí hẹlẹhẹlẹ ni mo ti ń ti fèrèsé pa, tí mo ń wọ súwẹ́tà méjì fún wọn, kí òtútù àyà má baà mú wọn.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú wọn nílé wọlé lónìí, ó pariwo: "Ha, Màmá Dúpẹ́, ṣé ẹ fẹ́ se Bàbá jinná ni?" Ó ṣí fèrèsé, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn lójú. Abẹ̀bẹ̀ lásán, tí kò ná mi ní kọ́bọ̀! Ó ní àìsàn náà kò ní lọ, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ lè dín kù.

Èémí wọn rọlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n sọ odindi gbólóhùn láìsinmi: "Ìyàwó mi, o fẹ́ fi ooru pa mí kí o lè fẹ́ ẹlòmíì." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní dandan, àwọn máa lọ síbi ìrìbọmi ọmọ Dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Nọ́ọ̀sì ní òun á kọ́kọ́ bi dókítà. Èmi ò tiẹ̀ dúró, mo ti lọ agbádá wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni èsì dókítà máa dé.