Garawa Ẹran Oníyọ̀ Tí Bàbá Ń Kó Oògùn Ọkàn Wọn Sí

Ilé Pardy, Ìsàlẹ̀ Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì,
Skerry Cove,
Newfoundland.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, 2026.

Verna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Mo ti lọ́kọ! Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Jọ̀ọ́, jókòó, má tíì bú mi, jẹ́ kí n kí ọ ná. Ṣé ara le níbẹ̀ ní Alberta? Garfield ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dá a padà sí iṣẹ́ ọ̀sán? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, inú mi sì ń dùn débi pé orin ni mo ń kọ láàárọ̀ níbi tí a ti ń gé ẹja. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ ní bí n kò bá pa ẹnu mi dé, àwọn á rì mí mọ́ inú yìnyín pẹ̀lú ẹja.

Leander Keeping ni mo fẹ́. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ilé ìwòsàn ni a ti ṣe é ní oṣù Kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi. O mọ̀ pé ọkàn bàbá mi ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ti yẹ mọ́, omi á wá máa kó sí wọn lẹ́sẹ̀ àti àyà. Ìgbà kejì nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń gbé wọn dìgbàdìgbà lọ, dókítà sì ní kí a pe gbogbo ẹni tó bá yẹ kí a pè. Àlùfáà ni Leander lọ pè. Aṣọ ibi iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n ní, "Dulcie, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé inú aṣọ ìsùn ni Hedley Pardy dùbúlẹ̀ sí fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ìgbéyàwó. Jẹ́ kí n dìde. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni màá fi mú ọ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìbọn ayọ̀ á sì dún." Mo búra fún wọn. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń lé kiri: kí bàbá mi lè gun òkè yẹn.

Wọ́n dìde lóòótọ́, wọ́n padà wálé. Wàyí o, gbọ́ ìríra.

Ìyáàfin Piercey, apòògùn tó wà létí èbúté lódì kejì, ló pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti rí ìwé tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n mú bàbá mi wá, kí n sì kó gbogbo oògùn tó wà nínú ilé dání, títí kan èyí tí a kò kà sí oògùn. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi ibi tí tiwọn wà. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ní afẹ́fẹ́ fẹ́ yí. Mo wá a títí, abẹ́ àga gbọọrọ inú ilé ìdáná ni mo ti fa garawa ẹran oníyọ̀ kan jáde.

O mọ àwọn garawa wa, kò sí ohun tí a kì í fi wọ́n ṣe, a ń fi wọ́n ká èso, a ń kó ìwọ̀ ẹja sí wọn. Ṣùgbọ́n èyí, Verna! Mo ṣí i, òórùn omi iyọ̀ àtọdúnmọ́dún gbá mi nímú, mo sáré jáde lọ bì. Oògùn funfun, oògùn pupa, oògùn aláwọ̀ ìyeyè, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra bí ẹyin ẹja. Ìpẹ́ ẹja wà lára wọn. Súìtì tí èèyàn lá kù wà níbẹ̀, oògùn ìyá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́fà wà níbẹ̀, pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá kan tí a kò mọ ẹni tó ni ín títí di òní. Inú rẹ̀ ni bàbá mi ti ń bu oògùn ọkàn sẹ́nu láràárọ̀.

Ìyáàfin Piercey wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n sì fi wákàtí méjì ṣa garawa yẹn bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n kò yínmú lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo ń yínmú. Ìgò méjì jáde tí orúkọ ara wọn yàtọ̀, tí oògùn inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bàbá mi sì ń lo méjèèjì. Ìlọ́po méjì yẹn ló gbé bàbá mi ṣubú létí èbúté ní oṣù Kejì. Oògùn orúnkún Selby, aládùúgbò wa, náà wà níbẹ̀. Bàbá mi a fún un ní ẹja, òun náà a fi oògùn dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń ha ìpẹ́! Ìyáàfin Piercey ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń dá omi dúró sára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tó yẹ kó máa tú omi náà jáde wá ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò.

Wọ́n bi bàbá mi léèrè ìdí. Bàbá mi ní, "Ṣé inú ọkọ̀ ni kí n ti máa dìde tọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá? Níwájú Selby? Orúkọ ìnagijẹ ló máa sọ mí."

"Agogo mélòó ni ẹ máa ń ti òkun dé, Bàbá Dulcie?"

"Agogo méjì."

"Ẹ máa lò ó ní agogo méjì àbọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sókun. Màá sọ fún dókítà."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe."

"Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni, Bàbá Dulcie."

Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n bi mí ohun tí a ń jẹ. Mo fi ìgbéraga sọ pé mo máa ń se ẹran oníyọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n pé mo máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Wọ́n rọra sọ fún mi pé omi kò lè kó iyọ̀ inú rẹ̀ tán láéláé. Verna, ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ń bú garawa, ìkòkò tèmi náà ń ṣiṣẹ́ ibi.

Ọjọ́ náà ni Ìyáàfin Piercey pe dókítà, wọ́n yọ ohun tó yẹ kí wọ́n yọ, wọ́n sì to ìyókù sínú àpótí oníhò méje, ọjọ́ kan fún ihò kan. Oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ìfúnpá àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún bàbá mi ní òṣùwọ̀n àti ìwé kékeré: kí wọ́n máa wọn ara wọn ní àràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n pe òun kíá.

Ó dára títí di oṣù Kẹfà. A mú ìwé náà lọ, Ìyáàfin Piercey sì wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá Dulcie, ọjọ́ mọ́kànlá, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lójoojúmọ́. Òkúta etí òkun pàápàá, bí òjò bá pa á, á wúwo sí i." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí bàbá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ sì jìn wọlé bí ìyẹ̀fun tí a pò. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ ní kílò méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìjókòó kan ni bàbá mi kọ ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, pẹ̀lú bírò kan, lórí tábìlì tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún wọn! Inú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ bàbá mi ni a sì ti rí oògùn Selby mìíràn. Ó rí mi lára débi pé n kò lè wo ojú wọn. Mo sọ ọ́ jáde pé, "Bàbá, ẹ kó mi nírìíra." Mo sọ ọ́ fún bàbá tó bí mi. Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní bí nọ́ńbà bá lè gòkè, wọ́n á tún gbé àwọn lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ ìgbéyàwó á sì yẹ̀.

Ìyáàfin Piercey kúnlẹ̀ síbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà kì í ṣe adájọ́. Ajá ẹnu ọ̀nà ni. Ẹ ti dì í lẹ́nu, báwo ló ṣe fẹ́ gbó kí olè tó wọlé?" Wọ́n pe dókítà lójú wa, wọ́n fi kún oògùn tó ń tú omi jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára bàbá mi, a sì padà sílé wa. Ní ọjọ́ karùn-ún, òṣùwọ̀n ti padà sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Èyí jẹ́ òótọ́, ojú mi ló ṣe.

Mo lọ bá Selby nílé. Ó ní, "Kí ló ṣe oògùn tèmi? Èmi ń lò ó, mo ṣì ń jó." Mo ní, "Ẹ máa jó lọ, bàbá mi lẹ fẹ́ẹ́ jó sínú sàréè." Láti ìgbà náà kò tún gbé ohunkóhun wá ju ẹja tútù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn yẹn, ìbọn ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni mo gbà kó fi kàn. Òun ló sì gba garawa náà. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà àwọn Keeping, wọ́n ní àwọn ń wo ọkọ̀ ojú omi. Lánàá, wọn kò dúró rárá! Leander gbé mi yí po níwájú gbogbo ayé.

Bá mi kí Garfield, bá mi fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, sì sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n má gbé ẹran oníyọ̀ wá o. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó gbé tirẹ̀ wá nínú ìgò tirẹ̀, kó má sì fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yìí mo yọjú wo ìwé ìwọ̀n bàbá mi. Wọ́n ti kọ déètì ṣáájú títí wọ inú oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nọ́ńbà kankan ṣáájú. Níwájú Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀dógún, tí í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó, "Èmi àti Dulcie, òkè" ni wọ́n kọ. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí náà gbogbo yín pátá gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbí ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ.

Èmi ni tìrẹ, tí ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa,
Dulcie Keeping (o ò rí i bí ó ti dùn ún kọ!)