Kẹ́ẹ̀gì Epo Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Ìyá Àgbà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Rotterdam níbí. Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá àgbà, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ ata, ẹ sì kú ìfaradà èmi ọmọ yín tí mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi débi pé ẹ̀gbọ́n mi ń fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Yorùbá ni lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀. Bí mo bá ṣìnà, kí ẹ̀gbọ́n mi rọra rẹ́rìn-ín.

Màámi, èbúté ni nǹkan ti yé mi. Olùkọ́ wa kó wa lọ wo àwọn táǹkì epo rìbìtì rìbìtì tó wà létí omi, èyí tó kéré jù nínú wọn tóbi ju agbo ilé wa lọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo epo ibẹ̀ ni títà. Ó ní òfin wà pé kí wọ́n tọ́jú apá kan sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àfi bí epo bá dédé wọ́n káàkiri ayé. Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́nu mi, gbogbo kíláàsì yíjú wò mí. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ létí, bí wọ́n ṣe máa ń nàka sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹ̀rọ ata sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n á ní ẹni tó bá fọwọ́ kan tọ̀hún, òun ni yóò lọ tò nílé epo. Àṣé ohun tí Bàbá ń ṣe nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ni ìjọba ń ṣe níbí!

Mo bi ìyá arúgbó tí mo ń gbé nílé wọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá bínú sí ìlú yìí nítorí ogun kan, wọ́n sì dá epo dúró. Ìjọba ní kí mọ́tò má rìn lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín títì márosẹ̀. Ìgbádùn ni fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn ò rẹ́rìn-ín. Epo padà dé o, ìpayà ni kò lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó epo pamọ́, tí wọ́n ń la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń wá ohun mìíràn tí wọ́n máa fi dáná. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń ra gáàsì lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ogun tún dé, ìyẹn náà di ẹ̀gún ọ̀fun. Atẹ́gùn orí òkun ni wọ́n wá ń sáré lé báyìí láti fi ṣe iná mànàmáná. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ìgbà tí mọ́tò ò rìn níbí lọ́jọ́ Àìkú yẹn náà ni owó epo ya wọ Nàìjíríà. Ìyá àgbà ló sọ fún mi pé ìgbà náà ni Bàbá àgbà ra mọ́tò, tí oko kòkó di igbó. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn níbí, bẹ́ẹ̀ làwa ń kọ́ bí a ṣe ń gbàgbé oko. Àwa la ni kànga epo, àwa náà la tún ń tò sórí ìlà.

Mo mọ ibi tí ejò ti bu Bàbá jẹ. Ọdún tí epo wọ́n, tí ẹ̀rọ dákẹ́ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, àwọn obìnrin gbé abọ́ ata wọn kọjá níwájú ilé wa, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ọ̀nà Ọjà'ba, ọ̀pọ̀ wọn ò sì padà mọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀wọ́n yẹn ti kọjá tipẹ́, kẹ́ẹ̀gì ò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ayọ̀ ohun tí mo rí ló mú kí n pe Bàbá, kí n ròyìn táǹkì fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹjọ́ ni mò ń bá wọn rò. Wọ́n ní bí Òyìnbó tí iná ò ṣẹ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ń kó epo pamọ́, kí ni kí ẹlẹ́rọ ata wá ṣe? Nígbà tí ìjà tún dé ojú omi tí ọkọ̀ epo ń gbà, tí owó epo fò sókè, wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì mìíràn kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní títí dé Bẹẹrẹ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Mínísítà Epo, pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn á yọjú, wọ́n á bèèrè bóyá mínísítà ń gbàlejò lónìí. Bàbá á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé rọ́bà wá tọrọ epo, àwọn ò ní dá wọn mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá tí a rí ara wa lórí fóònù, mo rí Ìyá àgbà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, kẹ́ẹ̀gì tò lẹ́yìn wọn, àbẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fẹ́ iná èédú tí wọ́n fẹ́ fi se ẹ̀wà. Mo pariwo, nẹ́tíwọ̀kì já. Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀. Òjò ibí ò dá, otútù ń mú, kò sí ẹni tí mo lè rò ó fún. Mo bá jókòó sí kíláàsì, òórùn bẹntiróò ni mò ń gbọ́.

Mo ní kí Bàbá gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní olè á gbé e, pé Ìyá àgbà tí kì í jáde ni ọlọ́dẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dárúkọ sólà. Wọ́n ní ṣé oòrùn ni yóò lọ ẹ̀wà fún àwọn alákàrà ní ìdájí? Ohun tí mi ò lè wí, nítorí bàbá mi ni wọ́n, ni pé kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì Rotterdam.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ lójú Bàbá: Ìyá àgbà. Bí wọ́n bá lè sọ pé òórùn yẹn ń yọ àwọn lẹ́nu, kẹ́ẹ̀gì á jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní dójú ti ọmọ àwọn níwájú àwọn tó ń pè é ní mínísítà, pé òórùn ọmọ kì í rùn sí ìyá.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yìí bí wọn nínú. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí àwọn alákàrà, ẹ kí gbogbo agbo ilé. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé wa lọ́wọ́ iná, kó dá yín sí fún wa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe àmín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin àti àgbàlagbà yòówù tó bá ka lẹ́tà yìí: ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ-ọmọ lè sọ, tí ìyá arúgbó á fi gbà láti sọ fún ọmọ wọn pé epo rẹ̀ ń rùn?

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù Àjàní