Ràámù Tó Bá Kọ̀ǹpútà Bàbá Mu

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òkè-Ọlà,
                                        Ayétòrò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Modinat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyàwó Ìmẹ̀kọ, ṣé ara le? Bàbá Abdulfatah ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ba àgbàdo jẹ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Má bínú pé èsì pẹ́, kọ̀ǹpútà Bàbá ni kò jẹ́ kí n rójú.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́fà rèé tí Bàbá ti ń kọ ìtàn ìdílé wa, láti Afon títí dé Ayétòrò níbí. Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ á dúró bí ẹni tó ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀, ìpàdé ẹbí tí a ó ti pín ìwé náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ni mo bá ní kí n ra ràámù kún un, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kí ara rẹ̀ lè yá.

Mo lọ ra ọ̀kan ní Ìlaró. Ẹni tó tà á kò bi mí pé irú èwo, èmi náà kò sì béèrè. Nígbà tí mo tú ẹ̀rọ, tí mo fẹ́ kì í bọ àyè rẹ̀, kò wọlé. Mo ń tì í títí Bàbá fi ní, "Toheebat, ohun méjì tó bá bára mu kì í béèrè agbára." Mo wá fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́: ibi tí wọ́n gé díẹ̀ lẹ́nu wọn kò bọ́ sójú kan náà. DDR4 ni wọ́n kọ sára tuntun, DDR3 ni wọ́n kọ sára àtijọ́.

Mo padà lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí DDR3. Eléyìí wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín-ín, pín-ín, ojú rẹ̀ sì dúdú. Mo rò pé iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti bá a lọ. Bàbá ò bú mi. Wọ́n kàn bọ́ awò ojú wọn, wọ́n jókòó. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo pe Gideon, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ó fi ràámù àtijọ́ nìkan sí i, ẹ̀rọ tàn, ìwé Bàbá wà níbẹ̀ pé. Ó fi tuntun nìkan sí i, igbe tún bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, kò bàjẹ́," ni ó wí. "Ẹ wo nǹkan dúdú kéékèèké ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Irú ẹ̀rọ tó ti pẹ́ báyìí, èyí tó ní i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló ń dá mọ̀."

Ó lọ yọ ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà tó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi írésà nu ẹnu rẹ̀ tó ń dán bíi góòlù, ó kì í bọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ kò ké. Bàbá ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde bí omi. Wọn ò jẹ́ kí Gideon lọ àfi ìgbà tó jẹun yó.

Lẹ́yìn náà ni mo bi Bàbá pé ojú ìwé mélòó ló kù. Wọ́n ní ìwé ti parí láti oṣù Kejì, àfi orí kan.

"Ti olóògbé ìyá yín," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ ni mo kàn ń dá lẹ́bi."

Bàbá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, wọ́n tún gbé e kúrò. Nígbà tó yá wọ́n bi mí pé aṣọ wo ni Màmá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ síléèwé. Mo ní àdìrẹ ni, pé wọ́n ká ìró sókè nítorí ẹrẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé mọ́kànlá ni wọ́n ti kọ báyìí.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì gbìyànjú láti wá síbi ìpàdé náà lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Orúkọ ìyá rẹ wà nínú orí Màmá. Bàbá ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín jù lọ́jà.

Èmi tí ń retí rẹ,
Toheebat.