Fóònù Tó Ń Béèrè Rẹ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Baba Àgádágodo, àbúrò mi, wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá pè mí wọ yàrá rẹ láàárọ̀ yìí. Ife rẹ ṣì wà lórí tábìlì, tíì ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀ jù. Kó tó di Ẹtì, gbogbo àkáǹtì alábòójútó gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn kejì." Ilé ìwòsàn ojú yìí ò ní fáìlì oníwèé mọ́. Ìwọ lo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì — àwòrán ojú àwọn aláìsàn, orúkọ àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Àwa díẹ̀ péré la láṣẹ lórí ohun gbogbo níbẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n tó ń gbàṣẹ lẹ́nu àbúrò — bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ó wù mí kí o tún pàṣẹ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Mo bẹ̀rẹ̀, bí o ṣe kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, fóònù ẹni ni ìkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé lórúkọ rẹ, fóònù rẹ á dún, á bi ọ́ pé: Ṣé ìwọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá.
Dókítà Àgbà fárí gá. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ abẹ níbí, ẹ tún fẹ́ máa bi mí bóyá èmi ni èmi? Ṣé mo jọ olè ni?"
Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Olè kì í jọ olè."
Ó rẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí mi.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta
Ó ku tìrẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe ìlẹ̀kùn kejì sí àkáǹtì rẹ, kí àìsàn tó mú ọ lọ. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó jẹ́ kó di Ẹtì, pé orúkọ rẹ ni ẹ̀rọ fi ń ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sórúkọ mi. Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tó ń pẹ́. Orúkọ rẹ ló wà lókè pátápátá. Mo kàn ń wò ó ni.
Nílé, Mama ń fi etí aṣọ nu fóònù rẹ. Láràárọ̀ ló ń ki wáyà iná bọ̀ ọ́, bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Mi ò tíì yọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé. Orúkọ rẹ. Ó wọlé lánàá.
Ọlọ́run dárí jì mí — inú mi dùn. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Mo fọwọ́ kan orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé kò lè jẹ́ ìwọ. Mo sáré ti àkáǹtì náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti pa àwọn àwòrán rẹ́. Wọ́n pa ẹ̀dà wọn náà rẹ́.
Bàbá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wá. Òní ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀, wọn ò sì lè ṣe é láìsí àwòrán ojú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n padà wá.
"Ìgbà wo, ọmọ mi? Ìwọ̀nba tó kù nínú ojú ọ̀hún ò ní dúró dè mí o."
Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ ti bọ́ sọ́wọ́ olè, a ò mọ ibi tó gbà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kejì — fóònù rẹ ló dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni.
Ọ̀gá ní, "Fóònù olóògbé? Ọwọ́ ta ló wà?"
"Ilé wa ni, mà."
Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n yọ ọ́ níṣojú òun. Ẹ̀rọ ní: Ṣé ó dá ọ lójú? Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé. Mama ò tiẹ̀ ṣẹ́. "Ó dún, mi ò dá a lóhùn. Ó tún dún. Nígbà tó yá, kò dákẹ́ mọ́. Mo wò ó, wọ́n ń béèrè bóyá òun ni."
"Ẹ wá ní bẹ́ẹ̀ ni?"
"Kí ni kí n wí? Kí n fi ẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe òun? Ta ló ti béèrè ọmọ mi látọjọ́ yìí?"
Mi ò lè bá a wí. Mi ò sọ ti bàbá yẹn fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Mama gbé fóònù sórí itan lákòókò oúnjẹ. Oúnjẹ tutù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta
Bàbá náà padà wá. Dókítà Àgbà tan iná sí ojú òsì rẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ojú yẹn ti lọ. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú." Ó tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi.
Mo délé. Mama ní, "Wọn ò béèrè ọmọ mi mọ́. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ ni?"
Irọ́ ti wà létè mi: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ bàbá yẹn léjìká ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń wá ẹnu ọ̀nà.
"Mama, olè ni wọ́n. Wọ́n ti ba ojú ẹni kan jẹ́. Èmi ni mo yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, kí wọ́n má baà béèrè ẹ̀ mọ́."
"Ìwọ?"
"Èmi ni, Mama."
Ó yọ wáyà lára fóònù rẹ, ó ká a jẹ́jẹ́, ó kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Fóònù náà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.