Ìka Lórí Irin Ampilifáyà

Tukur-Tukur, Zaria,
Ọjọ́ Sátidé.

Bàbá mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá yín gbé ní Ìlọrin. Ojú yín ńkọ́? Mo gbàdúrà pé ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti jiná, tí ẹ ti ń dá rìn lọ sí mọ́sálásí. Ara mi le koko, bí ẹnu mi náà ṣe le.

Wàhálà kan dé sí ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. Alhaji Bashir, ará Ọ̀yọ́ tó ni ilé, ní òun kò tíì rí obìnrin tí ń tún rédíò ṣe rí. Ó gbé ampilifáyà tó bàjẹ́, tí ń gbé ohùn sókè ní mọ́sálásí, fún mi láti tún ṣe, ó ní bí kò bá gbé wáàsí Jímọ̀ já, òun á fi ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Haba! Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń jókòó sí kí wọ́n tó bí mi!

Lọ́jọ́rú, mo pààrọ̀ taransísítọ̀ tó jó, ẹ̀yà dúdú kékeré yẹn. Kí n tó fi síkúrù dè é mọ́ hítì síńkì, irin eléyín bí ìyarun tí ń gba ooru kúrò lára rẹ̀, mo fi ìpara funfun tí ń mú ooru kọjá sínú irin sẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má bàa tún jó, mo bu ìpara náà lé e bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo tàn án, mo fọwọ́ kan irin, ó tutù nini. Inú mi dùn. Àṣé irọ́ ló ń pa! Ìpara tó nípọn ni kò jẹ́ kí ooru kọjá. Láìpẹ́, taransísítọ̀ jó, èéfín sọ. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ yín: “Islamiyat, ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Fẹ́lẹ́ báyìí, bí ẹni ń lé tìróò! Irin gbọ́dọ̀ gbóná díẹ̀. Bí ìka rẹ bá lè dúró lórí ẹ̀ títí o fi ka Fátíhà tán, ó ti dára.” Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi taransísítọ̀ mìíràn sí i, mo pa ìpara fẹ́lẹ́, mo sì de síkúrù pinpin.

Lánàá, wáàsí dún ketekete látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí a ti kírun tán, Alhaji fọwọ́ kan irin, ó já ọwọ́ gbà: “Kai! Ó gbóná! Ó ti bàjẹ́ nìyẹn!” Mo ní, “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìka yín padà, kí ẹ ka Fátíhà.” Alhaji dá ìka wọn padà sórí irin. Wọ́n kà á tán, wọ́n ṣe Àmín, ìka wọn ṣì wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín: “Wallahi, Sànní bàbá rẹ gan-an ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí!” Bàbá, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ojú tó mọ́lẹ̀ kẹ́ yín, kí ẹ wá fi ojú ara yín rí i.

Èmi ni ọmọ yín tó jogún iṣẹ́ yín,
Islamiyat.

Mo tún rántí: Ìka tó bó nígbà tí mo fi yọ taransísítọ̀ tó jó ti ń san. Ẹ má sọ fún Màmá o, wọ́n á tún ní kí n wá máa ta láàlì.