Bàbá Tí Mo Mú Lọ Bẹ Onílé

Ìyá mi, ẹ kú àárò mi. Ara mi le níbí ní Ákírà, ẹ má ṣèyọnu. Mo ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àdìrẹ yín, bí àdéhùn èmi àti onílé tilẹ̀ ku ọdún kan. Owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́fà ni mo jẹ sílẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀yin náà jẹ owó ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, tí ẹ mú Bàbá Ṣéhù, àgbà àdúgbò wa, lọ bẹ onílé. Bàbá kàn jókòó, wọ́n wúkọ́, onílé sì ní, "Nítorí ewú orí yín, mo fi ìdajì jì í." Ẹ̀rín la rín dé Ìjẹmọ̀.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo mú Alàájì Akóredé, àgbà àwa Ẹ̀gbá níbí, lọ bá onílé mi. Obìnrin náà gbọ́ wọn tán, ó ti ìwé gbèsè mi síwájú wọn.

"Alàájì, ẹ̀yin lẹ ó dúró fún un, àbí? Ẹ buwọ́ lù ú."

Ojú ti Bàbá láti kọ̀. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ó yẹ kí n pariwo, mo dákẹ́. Bóyá ojo ni mí, mi ò mọ̀.

Lójú ọ̀nà, wọ́n ní, "O ò ní sá lọ, ọmọ Àfúsá?"

Mo ní, "Èèwọ̀, Bàbá!"

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń sùn báyìí, wọ́n ní kí àwọn lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Mi ò ní lè wálé ọdún Iléyá, àfi tí mo bá san gbèsè náà tán.

Ẹ bá mi kí Haleemah ìyàwó mi, àti gbogbo ará Ìjẹmọ̀. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní ọjà ń tà.

Ọmọ yín,
Gàníyù